Bí A Ṣe Ń Yí Ẹ́ńjìnnì Rélùwéè Padà Níbi Tí Àyè Kò Tó

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Kàdúná

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ fún mi pé èmi ni olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún yìí, ó rò pé n ó sọ ìtàn bí àwọn bàbá wa ṣe bá rélùwéè dé ilẹ̀ Haúsá. Ìtàn náà dára, ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí ó fi sú yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí a ṣe lè yí ẹ́ńjìnnì rélùwéè kékeré, èyí tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ, padà lórí tábìlì tí kò ní àyè.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, àbá wà nílẹ̀ pé kí a gbé tábìlì rélùwéè àwọn ọmọ kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí, kí a máa kó àga àti kánópì sínú yàrá náà, nítorí pé láti oṣù mẹ́rin ni rélùwéè ọ̀hún kò ti ṣiṣẹ́ mọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi èmi tí mo dúró níwájú yín yìí ni. N ó ṣàlàyé bí ó ṣe jẹ́, n ó sì sọ bí a ṣe tún un ṣe, kí ẹ tó dìbò lé e lórí.

1. BÍ TÁBÌLÌ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Fáyámàǹ ni bàbá tó bí mi. Òun ni ó ń fi ṣọ́bìrì kó èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì kí omi lè hó, kí ọkọ̀ lè rìn. Iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1896. Wọ́n ṣí èyí tó dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí ọdún 1912 yóò fi parí, ojú irin ti dé Kánò. Kàdúná tí a wà yìí wá di oríta, nítorí pé ibí ni ojú irin tó ti Port Harcourt wá gba Kafanchan ti pàdé ti Èkó. Ojú irin yẹn ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa dé ìhín. Síbẹ̀, nígbà tí mo bi àwọn ọmọ kíláàsì ọjọ́ Sátidé wa léèrè iṣẹ́ tí fáyámàǹ ń ṣe, ọ̀kan nínú wọn ní àwọn ni wọ́n ń pa iná nígbà tí ilé bá ń jó. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń gbé ní Ìlú Ọba gbé páálí kan wálé fún àwọn ọmọ. Ẹ́ńjìnnì kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tó ń kó èédú rẹ̀, kọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ègé ojú irin, àti àpótí ìdarí tó ń sọ iná ilé di fóòtì 12. Ìwọ̀n tí àwọn ará Ìlú Ọba ń lò jù lọ ni: ọkọ̀ náà jẹ́ ìdá kan nínú ìdá 76 ọkọ̀ gidi, àárín irin méjèèjì sì jẹ́ mìlímítà 16.5. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí yóò dùn mọ́ yín. Ojú irin àtijọ́ ti Nàìjíríà fẹ̀ ní mìlímítà 1,067. Bí ẹ bá pín ìyẹn sí ọ̀nà 64, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú mìlímítà 16.5 yìí gan-an. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àwòṣe rélùwéè tiwa lè lo irin kan náà, kí ó kàn gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní ìdá kan nínú ìdá 64. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń ṣe ní Ọsirélíà, ní New Zealand àti ní South Africa, níbi tí wọ́n ti ní ojú irin tó fẹ̀ bíi tiwa.

A ra pílàíwúùdù kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 244 sí 122. Kò sí bí a ṣe lè fi òmíràn kún un, nítorí ilẹ̀kùn wà ní apá kan, fèrèsé wà ní apá kejì. A to irin sórí rẹ̀, a pe ìpẹ̀kun kan ní Èkó, a pe èkejì ní Kánò. Ẹ́ńjìnnì fa kọ́ọ̀ṣì mẹ́ta lọ sí Kánò, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, ọmọbìnrin kékeré kan bi mí pé: "Bàbá, kí ló dé tí rélùwéè fi ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ wá sí Èkó?"

Mi ò rí èsì fún un. Bàbá mi kò fi ẹ̀yìn rìn ti Kánò dé Èkó rí.

2. KÍ NÌDÍ TÍ A FI Ń YÍ ẸŃJÌNNÌ PADÀ?

Ẹ́ńjìnnì eléèédú ní orí, ó ní ẹ̀yìn. Ìkòkò omi gígùn wà níwájú, dírẹ́bà àti fáyámàǹ wà lẹ́yìn rẹ̀, kẹ̀kẹ́ èédú àti omi tún wà lẹ́yìn wọn. Bí irú rẹ̀ bá ń fi ẹ̀yìn rìn, kẹ̀kẹ́ èédú náà ni yóò ṣáájú, yóò dí dírẹ́bà lójú, eruku èédú yóò sì máa fẹ́ sí i lójú. Ó lè rin ìrìn díẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà ibùdókọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ kí ó rìn bẹ́ẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, ibikíbi tí irú ẹ́ńjìnnì yẹn bá ti parí ìrìn rẹ̀, ó yẹ kí ọ̀nà kan wà láti kọ orí rẹ̀ sí ibi tó ti wá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ayé mọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Gbogbo wọn ni mo gbìyànjú láti fi sórí pílàíwúùdù wa. N ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

3. Ọ̀NÀ KÌÍNÍ: ÌYÍKÀ

Èyí rọrùn láti lóye. Ojú irin yóò lọ, yóò ká bí ẹni tó yí igi ọsàn po, yóò sì padà wá pàdé ara rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ yóò jáde pẹ̀lú orí rẹ̀ sí ibi tó ti ń bọ̀, ẹ́ńjìnnì àti kọ́ọ̀ṣì lápapọ̀. Rélùwéè kékeré kan wà ní Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Romney, Hythe and Dymchurch. Ojú irin rẹ̀ kò fẹ̀ ju íǹṣì 15 lọ, ṣùgbọ́n èrò ń wọ̀ ọ́. Wọ́n ṣí i ní 1927, ó sì dé Dungeness lẹ́bàá òkun ní 1928. Ní Dungeness, ìyíkà ni wọ́n ṣe. Ọkọ̀ á yí ká, á já èrò sílẹ̀, á sì kọrí sílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì.

Dungeness ní ilẹ̀ gbalasa. Àwa ní pílàíwúùdù. Ìgbà tí irin tó wà nínú páálí wa bá ká jù lọ, láti àárín òbìrí dé ojú irin jẹ́ mìlímítà 371. Ìyẹn ni pé òbìrí kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 74. Bí ẹ bá fi àyè sílẹ̀ fún kọ́ọ̀ṣì tó ń yọ síta àti fún etí pátákó, ó di 85. Nínú 122 tí a ní, 85 ti lọ. Bí a bá tún ṣe òmíràn sí ìpẹ̀kun kejì, kò sí ibi tí a ó fi ibùdókọ̀ sí mọ́. Síbẹ̀ mo ní dandan, a ó ṣe ọ̀kan ní Kánò.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú irú rélùwéè yìí, irin ọ̀tún ń gbé pósítíìfù, irin òsì ń gbé nẹ́gétíìfù, ẹ́ńjìnnì sì ń gba iná láti ara méjèèjì. Bí mo ṣe parí ìyíkà, àpótí ìdarí kú. Mo tàn án, ó tún kú. Ọmọbìnrin tó bi mí ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan, ó mú pẹ́ńsù aláwọ̀ pupa àti búlúù, ó ya ìyíkà náà sórí ìwé, ó fi pupa tọ irin ọ̀tún, ó fi búlúù tọ irin òsì, ó ní: "Bàbá, ẹ wò ó, pupa wá pàdé búlúù níbí." Mo dá a lóhùn pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ó ká ìwé rẹ̀, ó lọ jókòó.

Mo pinnu pé àpótí ìdarí ti bàjẹ́. Mo tú u kúrò, mo lọ gbé bátìrì ọkọ̀ mi wá, mo so ó mọ́ irin tààrà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iná ti mọ ohun tó kù. Pupa ti pàdé búlúù ní tòótọ́, ìyẹn ohun tí àwọn oníná ń pè ní bíríìjì. Àpótí ìdarí yẹn kò bàjẹ́ rárá. Ó ń pa ara rẹ̀ kí ó má bàa jóná ni, ó sì ń kìlọ̀ fún mi. Ẹni tó ń kìlọ̀ fún mi ni mo lé jáde. Bátìrì ọkọ̀ kì í kìlọ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, wáyà ti pupa bí ẹyin iná, rọ́bà ara rẹ̀ yọ́, èéfín kún yàrá, pílàíwúùdù jó dúdú ní ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe ìpàdé nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà ló sá jáde. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi àkísà fa wáyà tu. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà ni alága ti ní kí a má tan iná sí tábìlì yẹn mọ́, ó sì jàre.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo tún tọrọ rẹ̀ níwájú yín lónìí.

Kí ni ó yẹ kí n ti ṣe? Ohun méjì ni. Èkíní, kí a gé irin ní ẹnu ìyíkà, irin méjèèjì ní ìwọlé, irin méjèèjì ní ìjáde, kí a fi rọ́bà ìsopọ̀ sí ojú ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí iná má lè kọjá. Èkejì, kí a fún ìyíkà ní iná tirẹ̀ láti ara súwíìṣì tó lè pààrọ̀ pósítíìfù àti nẹ́gétíìfù. Nígbà tí gbogbo ọkọ̀ bá ti wà nínú ìyíkà tán, a ó pààrọ̀ iná ti ojú irin ìta, a ó yí oríta irin, ọkọ̀ á sì jáde ní ìrọ̀rùn. Ìdí nìyí tí ibi tí a gé náà fi gbọ́dọ̀ gùn ju ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ wa gùn tó sẹ̀ǹtímítà 110. Òbìrí náà tó 233 yíká. Ó gbà á. Lóde òní, ìdarí kan wà tí wọ́n ń pè ní DCC, tó ń fi àmì ránṣẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan lè máa ṣe ìpààrọ̀ yìí fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń lo ọkọ̀ Märklin ti Jámánì kò tilẹ̀ ní ìṣòro yìí, nítorí irin méjèèjì tiwọn ọ̀kan náà ni, iná ń gba àárín wọn.

4. Ọ̀NÀ KEJÌ: ONÍGUN MẸ́TA

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ mọ bí a ṣe ń yí mọ́tò padà ní oríta tóóró: ẹ wọ títì kan, ẹ fi ẹ̀yìn wọ èkejì, ẹ sì kọrí sí ibi tí ẹ ti wá. Onígun mẹ́ta náà nìyẹn. Ojú irin mẹ́ta pàdé ara wọn, oríta irin mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀.

Pẹ̀lú irin wa, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò lè dín ní sẹ̀ǹtímítà 74. Gíga rẹ̀ tó 70, nítorí pé lẹ́yìn tí irin méjèèjì bá ti pàdé, ó yẹ kí ìrù kan ṣẹ́kù tí ẹ́ńjìnnì lè dúró sí. Ẹ́ńjìnnì wa gùn ní sẹ̀ǹtímítà 28. Ìrù òmíràn tún gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ yí gbogbo ọkọ̀ padà, ìrù náà á gùn tó ọkọ̀. Ó dára fún ẹni tó lè fi àárín onígun náà ṣe nǹkan: ó lè kọ́ ilé sí i, ó lè gbin igi sí i. Ṣùgbọ́n bíríìjì wà níbẹ̀ náà. Ẹ fi pẹ́ńsù pupa àti búlúù tọ̀ ọ́, ẹ ó rí i. Apá kan nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ di gígé, kí ó ní súwíìṣì tirẹ̀.

5. Ọ̀NÀ KẸTA: AFÁRÁ AYÍPO

Èyí ni bàbá mi fẹ́ràn láti máa sọ. A gbẹ́ kòtò róbótó, a gbé afárá kan tó ní irin lé e ní àárín, afárá náà sì lè yí. Ẹ́ńjìnnì gun orí rẹ̀, wọ́n ti afárá yíká, ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú orí rẹ̀ sí ibòmíràn. Bí ẹ́ńjìnnì bá dúró dáadáa tí ìwúwo rẹ̀ dọ́gba ní apá méjèèjì, ènìyàn méjì lè fi ọwọ́ lásán tì í. Bí kò bá dọ́gba, ẹ ó làágùn. Ní San Francisco ní Amẹ́ríkà títí di òní, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ọwọ́ yí ọkọ̀ tí okùn irin ń fà ní ìpẹ̀kun òpópó Powell bẹ́ẹ̀, àwọn àlejò a sì máa dúró wò wọ́n.

Ìtàn kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ nípa Hawes Junction, tí wọ́n ń pè ní Garsdale báyìí, lórí òkè tí atẹ́gùn ti le. Wọ́n ní ní nǹkan bí ọdún 1900, ẹ́ńjìnnì kan wà lórí afárá ayípo nígbà tí ìjì mú un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó. Ẹnikẹ́ni kò lè dá a dúró, àfi ìgbà tí wọ́n da yanrìn sínú kòtò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi pákó àtijọ́ ṣe ọgbà yí i ká kí atẹ́gùn má bàa rí i mú mọ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé afárá tó rọrùn láti yí gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò tì í pa. Tí ẹ bá ṣe ti kékeré, ẹ fi ìṣó tàbí irin tín-ín-rín sí i tí yóò dè é mọ́ ibi tí irin ti dọ́gba.

Ẹ wo àyè tó ń gbà: fún ẹ́ńjìnnì sẹ̀ǹtímítà 28, kòtò sẹ̀ǹtímítà 31 tó. Kódà, láti ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ dé ẹsẹ̀ ìkẹyìn ni ẹ ó wọ̀n, nítorí imú ẹ́ńjìnnì lè yọ kọjá afárá bí kò bá sí ohun tí yóò kọ lù. Nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni kò jẹ àyè. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń yí, kọ́ọ̀ṣì kò yí. Ó fẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́, nítorí bí irin bá fi mìlímítà kan yẹ̀, ẹ́ńjìnnì á ṣubú. Bíríìjì sì wà níbẹ̀ náà, nítorí nígbà tí afárá bá yí dé ìdajì, irin ọ̀tún rẹ̀ ti di òsì. A gbọ́dọ̀ fún un ní súwíìṣì tirẹ̀.

6. ẸNI TÍ KÒ NÍ Í YÍ RÁRÁ

Kí a tó gbẹ́ kòtò, ó yẹ kí a bi ara wa bóyá ẹ́ńjìnnì náà nílò láti yí. Ní San Francisco kan náà, àwọn ọkọ̀ òpópó California ní ibi ìdarí níwájú àti lẹ́yìn, nítorí náà wọn kò nílò afárá ayípo. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ru omi àti èédú sí ara rẹ̀ láìní kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn lè lọ, ó lè bọ̀. Dísù tó ní ibi ìjókòó dírẹ́bà níwájú àti lẹ́yìn, bákan náà ni. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ bá rélùwéè ṣiṣẹ́ yóò rántí Garratt, ẹ́ńjìnnì gígùn tó ní ẹsẹ̀ lọ́tọ̀ níwájú, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀ lẹ́yìn, tí ìkòkò omi wà láàárín. Ilé iṣẹ́ Beyer Peacock ní Manchester ló kọ́ àkọ́kọ́ ní 1909 fún Tasmania. Nàìjíríà náà lo irú rẹ̀. Ó ń rìn dáadáa ní ìhà méjèèjì. Ẹni tó bá ní yàrá kékeré tí kò tíì ra ẹ́ńjìnnì, kí ó ra irú àwọn yìí, wàhálà rẹ̀ á dín kù.

Àwa ti ní ẹ́ńjìnnì eléèédú pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn. Ẹ̀bùn ni. A kì í fi owó ẹlòmíràn yan ẹran.

7. OHUN TÍ A WÁ ṢE: PÁTÁKÓ ÀGBÉYÍ

Ọ̀nà yìí, àwọn tí yàrá wọn kéré ní Ìlú Ọba ti ń lò ó tipẹ́. A wá pákó kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 34, tó fẹ̀ ní 9. A lọ bá àwọn tó ń ṣe fèrèsé alúmíníọ́ọ̀mù, wọ́n fún wa ní àgékù irin onígun méjì lọ́fẹ̀ẹ́. A lẹ̀ wọ́n mọ́ pákó náà kí wọ́n jẹ́ ojú irin, mìlímítà 16.5 sí ara wọn. A fi pákó pẹlẹbẹ ṣe ògiri sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹ́ńjìnnì má bàa yẹ̀. A gé sílípáàsì àtijọ́ fi dí ẹnu rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má bàa yọ́ jáde nígbà tí a bá gbé e. Ìṣó méjì ló ń mú kí ó dọ́gba pẹ̀lú ojú irin tábìlì, kílíìpù méjì ló sì ń fún un ní iná.

Ẹ́ńjìnnì á wọlé sórí pákó náà. A ó pa iná. A ó dí ẹnu rẹ̀. Ọmọ kan á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, á yí i kí orí wà níbi tí ìrù wà, á sì gbé e padà. Ó parí. Afárá ayípo ni, àmọ́ ó ń yí nínú afẹ́fẹ́, kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bíríìjì kò sì sí, nítorí pákó náà kò so mọ́ ohunkóhun nígbà tí ó ń yí. Irin tó bá bá níbẹ̀ ni ó ń gba iná lára rẹ̀.

Àǹfààní kejì yà mí lẹ́nu. Ẹ́ńjìnnì tó ti yí tán ṣì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀ṣì kọjá lọ sí iwájú wọn, nítorí náà a nílò ojú irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pẹ̀lú oríta irin ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Oríta kan gùn ní mìlímítà 168. Ọmọbìnrin onípẹ́ńsù yẹn ló ní kí a kan gbé pákó náà sí iwájú ojú irin kejì. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe: a kan ìṣó méjì mìíràn, pákó náà sì ń ṣe iṣẹ́ oríta ní ìpẹ̀kun yẹn. A kò nílò oríta kan mọ́, a sì rí àyè fún ilé ibùdókọ̀. Nígbà tó yá ni mo rántí pé ohun tó jọ ọ́ wà ní Bembridge ní erékùṣù Wight láti 1882 títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa ní 1953: afárá ayípo kékeré ní ìpẹ̀kun ibùdókọ̀, tó ń gbé ẹ́ńjìnnì láti ojú irin kan bọ́ sí èkejì, nítorí pé ilẹ̀ kò tó. Ọmọ náà kò gbọ́ nípa Bembridge rí.

Nípa iná, ẹ fọkàn balẹ̀. Àpótí ìdarí ti padà sáyè rẹ̀. Nígbà tí iná ìjọba kò bá sí, bátìrì alùpùpù ni a ń lò, ṣùgbọ́n fíúsì wà lára rẹ̀. Rìwáyà kan ládùúgbò tún kọ́ wa ní ọgbọ́n kan: ó fi gílóòbù bíréékì ọkọ̀ sí ojú ọ̀nà wáyà. Bí gbogbo nǹkan bá dára, gílóòbù náà kò ní tàn tàbí kí ó tàn bàìbàì. Bí bíríìjì bá wà, á tàn yòò, iná á parí sí ara rẹ̀, wáyà kò ní gbóná. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè rí i kí ó pariwo. A ti dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú akọ̀wé àti olùyẹ̀wé-owó wò.

8. ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Ẹ jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ mi jọ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nílé. Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹ́ńjìnnì yín tó gùn jù lọ, ẹ wọn pátákó, ẹ tó ra irin. Ẹ bi ara yín bóyá ẹ́ńjìnnì náà nílò láti yí. Bí àyè yín bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 85 lọ tí ẹ sì fẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ yí, ẹ ṣe ìyíkà. Bí igun yàrá bá ṣófo, ẹ ṣe onígun mẹ́ta. Bí ẹ bá ní sùúrù oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ ṣe afárá ayípo. Bí ẹ kò bá ní àyè tí ẹ kò sì lówó, ẹ ṣe pátákó àgbéyí. Èyí tó wù kí ẹ ṣe, ẹ fi pẹ́ńsù pupa àti búlúù tọ irin lórí ìwé kí ẹ tó so wáyà. Bí àpótí ìdarí bá sì kú, ẹ wá ohun tó pa á. Ẹ má ṣe sọ ọ́ nù.

Alága wa, ẹ̀bẹ̀ tí mo ní nìyí. Àga àti kánópì ẹgbẹ́ níyì, mo mọ̀, òjò sì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n a ti wọn yàrá náà. Bí a bá gbé tábìlì lé ẹsẹ̀ tó ga díẹ̀ sí i, àga 60 á wọ abẹ́ rẹ̀ ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Kánópì nìkan ni a ó wá ibòmíràn fún, mo sì fi gáráàjì mi sílẹ̀ fún un láìgba kọ́bọ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo tún bi àwọn ọmọ wa léèrè iṣẹ́ tí fáyámàǹ ń ṣe. Ẹni mẹ́sàn-án ló nawọ́. Wọ́n sọ èédú, wọ́n sọ omi, wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń ti afárá ní òru. Bí ẹ bá jáde níbí, ẹ gba ẹ̀yìn kọjá. Àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ọkọ̀ ti wà ní Kánò, ẹ ó sì rí i bí ó ṣe ń kọjú padà bọ̀ wá sí Èkó.